Kì Í Ṣe Kòrónà Nìkan Ló Jẹ Ọdún Àwọn Ọmọ Wa

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí gbogbo ìmọ̀ jẹ́ tiRẹ̀. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti mọ́ wa lẹ́nu. Bí ẹnìkan bá béèrè pé kí ló dé tí lágbájá fi pẹ́ kó tó jáde ní fásitì, wọ́n á ní kòrónà ni. Kí ló dé tí ọmọbìnrin yẹn fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní ọdún kejì tó wá jókòó ti igbá ọjà? Kòrónà ni. Kí ló gbé ọmọkùnrin yẹn dé ìdí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì? Láti ìgbà kòrónà ni. A ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé orí àga wáàsí pàápàá. Àlùfáà á mirí, á ní kádàrá Ọlọ́hun ni, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́. Ìjọ á ṣe àmín, gbogbo wa á sì gba ilé lọ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Kò yẹ kó balẹ̀. Màá sọ tèmi lọ́sẹ̀ yìí láìfepo bọyọ̀. Àrùn kòrónà, ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ló ti wá. A gbà bẹ́ẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn fún àwọn tó bá a lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pàdánù nígbà náà, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Ọwọ́ ìjọba wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹgbẹ́ olùkọ́ wà níbẹ̀, ọwọ́ àwọn tó di kọ́kọ́rọ́ mọ́sáláṣí mú wà níbẹ̀, ọwọ́ òbí nínú ilé náà sì wà níbẹ̀. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ tí a pè é ní kádàrá, orúkọ Ọlọ́hun la fi ń bo ẹ̀bi ara wa mọ́lẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbọ́. Àwáwí ni.

Ẹ jẹ́ ká ka oṣù náà

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò kọ́kọ́ fi ẹni tó ní àrùn náà hàn ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, kí ìjọba tó pàṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ tì nítorí àrùn, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọ̀sẹ̀ méjì láti fi kìlọ̀ fún ìjọba. Ìjà wọn dá lórí àdéhùn ọdún 2009 tí wọ́n ní ìjọba kò mú ṣẹ, àti lórí IPPIS, ìlànà ìsanwó-oṣù tí ìjọba fẹ́ kó gbogbo wọn sí. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá ni àṣẹ jáde pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, ASUU sọ ìyanṣẹ́lódì náà di aláìnígbèdéke. Ní alẹ́ ọjọ́ 30, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá.

Ẹ wò ó dáadáa. Kí kòrónà tó ti géètì fásitì ìjọba, olùkọ́ ti kúrò nínú kíláàsì. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ọjà ti ṣí, ọkọ̀ ti ń ná, mọ́sáláṣí ti ń kírun jímọ́ọ̀, ìjọba àpapọ̀ sì ṣí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì gírámà tirẹ̀ padà ní ọjọ́ 12 oṣù náà. Ìyanṣẹ́lódì fásitì kò kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ni ASUU tó kéde pé àwọn dá a dúró. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko láti ọjọ́ tó ti di aláìnígbèdéke. Ẹni tó lóyún ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà náà ti bímọ kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó sọ ti ọdún 2022 fún mi. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí dé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ìjọba tún jókòó sílé. Kòrónà wo ló lé wọn wálé lọ́tẹ̀ yẹn?

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Àrùn kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fásitì aládàáni kó ẹ̀kọ́ wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọ olówó ń gba ẹ̀kọ́ nínú yàrá rẹ̀, ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n jọ jáde ìwé mẹ́wàá ń wo àjà. Bó bá jẹ́ pé kádàrá nìkan ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣé kádàrá máa ń bèèrè iye tó wà lápò bàbá ọmọ kó tó sọ̀ ni?

N kò sọ pé kí olùkọ́ má bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pa á láṣẹ pé kí a má fi owó òṣìṣẹ́ falẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe àdéhùn tí kò mú un ṣẹ ti da àmánà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 yẹn náà la rí àwọn èèyàn tó já ilé ìkẹ́rùsí ní Èkó, ní Ẹdẹ àti ní Ìlọrin, tí wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà níbẹ̀, lẹ́yìn tí ebi ti fi ìdílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa han èèmọ̀ fún oṣù púpọ̀. Ọlọ́hun yóò bi olórí kọ̀ọ̀kan léèrè nípa agbo tó fi ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bàbá nínú ilé náà olùṣọ́ ni, ìyá náà olùṣọ́ ni, lémọ́mù náà olùṣọ́ ni. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. A ti lé akátá. Ẹ jẹ́ ká fàbọ̀ sílé.

Kádàrá àti àfonífojì oníhà méjì

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń pe orúkọ kádàrá kò wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù wá lọ ṣe lò ó. Ní nǹkan bí ọdún 18 lẹ́yìn Hijra, Umar bin Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù. Nígbà tó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, àwọn olórí ogun wá pàdé rẹ̀, Abu Ubaydah wà lára wọn, wọ́n sì sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ Ṣáàmù. Umar kò dá ìpinnu ṣe. Ó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn Muhajirun, ó gbà á lọ́dọ̀ àwọn Ansar, ó tún gbà á lọ́dọ̀ àwọn àgbà Quraysh. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n yí padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ìdáhùn Umar ni pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan làwọn ti ń bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun mìíràn. Ó wá fi àfonífojì oníhà méjì ṣe àpèjúwe fún un: ìhà kan tútù, ó kún fún koríko, ìhà kejì gbẹ. Èyí yòówù kí darandaran da ràkúnmí rẹ̀ sí, kò tíì jáde kúrò nínú kádàrá. Nígbà tó yá ni Abdur-Rahman bin Awf dé, tó sọ ohun tí Ànábì ti kọ́ wọn fún wọn, pé kí a má wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà, kí ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ má sá jáde.

Ìhà méjì yẹn ló wà níwájú gbogbo ilé Mùsùlùmí tó ní akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2020. Wọ́n ti géètì fásitì. Wọn kò ti ìwé tí ọmọ kó bọ̀ nílé. Wọn kò dí ẹnu ìyá tó lè sọ pé láàrin aago mẹ́wàá sí aago méjìlá, kí ẹnikẹ́ni má rán lágbájá níṣẹ́, ó ń kàwé. Wọn kò di bàbá lọ́wọ́ kó má lè jókòó ti ọmọ rẹ̀ kó bi í pé kí lo ti kọ́, kí ló kù, ta la lè bá sọ̀rọ̀. Ìhà tútù wà níbẹ̀. Darandaran tó bá da ẹran rẹ̀ sí ìhà gbígbẹ kò lè wá máa sọ pé kádàrá ló pa wọ́n.

Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn ẹni tó bi Ànábì bóyá kó so ràkúnmí rẹ̀ tàbí kó fi í sílẹ̀ kó gbára lé Ọlọ́hun, tí Ànábì ní kó so ó, kó sì gbára lé Ọlọ́hun. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò so ràkúnmí nígbà kòrónà. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń rìn lọ.

Sí àwọn tó ní ìwé Òyìnbó kò ní alùbáríkà

Àwọn oníwáàsí kan wà tí inú wọn tilẹ̀ dùn nígbà tí fásitì tì. Wọ́n ní ẹ̀rí ti dé pé ìwé Òyìnbó kò ní alùbáríkà, pé afẹ́fẹ́ kékeré kan fẹ́, ó wó lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ àwọn òbí kan létí, wọ́n sì fi ṣe ìdí láti má san owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ nígbà tí géètì ṣí.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ilé-kéwú tiwa kò ha tì pẹ̀lú? Ìrun jímọ́ọ̀ kò ha dúró ní ọ̀pọ̀ ìlú? Rámádáánì ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, inú ilé ni ọ̀pọ̀ wa ti kí àṣáḿù. Haji ọdún náà ńkọ́? Àwọn tó ń gbé inú ilẹ̀ Sáúdí nìkan ló ṣe é, wọn kò sì tó nǹkan. Kò sí arìnrìn-àjò kan tó kúrò ní Nàìjíríà. A rí àyíká Kaaba lófìfo lórí fóònù wa, omi sì bọ́ lójú wa. Bí títì bá jẹ́ ẹ̀rí àìní alùbáríkà, kí lẹ fẹ́ sọ nípa ìyẹn? Ẹ má fi ìdánwò tó kan gbogbo èèyàn ṣe pàṣán fún àwọn tí ẹ kò fẹ́ràn. Àjọ UNESCO ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ tì mọ́ ní gbogbo àgbáyé nígbà náà lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀.

Àwọn oní-ìmọ̀ ẹ̀sìn wa gan-an, àjàkálẹ̀ àrùn kò ṣàjèjì sí wọn, wọn kò sì fi ìwé sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ wo Ibn Khaldun. Tunis ni wọ́n bí i sí ní ọdún 732 Hijra, èyí tó bọ́ sí 1332. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí àjàkálẹ̀ ńlá ọdún 749 dé. Ọjọ́ orí ọmọ tó ń múra fásitì nìyẹn. Àrùn náà pa bàbá rẹ̀, ó pa ìyá rẹ̀, ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ tẹ̀lé àwọn oní-ìmọ̀ tó ń padà sí Fez, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dá a lẹ́kun. Kò tìtorí ìyẹn pa ẹ̀kọ́ tì. Ó fara mọ́ al-Abili, olùkọ́ rẹ̀ tó kù ní Tunis, ó ń kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, òun náà dé Fez, ó sì jókòó ti àwọn oní-ìmọ̀ ibẹ̀. Ọmọ òrukàn yẹn ló wá kọ Muqaddimah tí wọ́n ń kọ́ ní fásitì káàkiri ayé lónìí, òun náà ló sì kọ́ni ní Azhar ní Cairo.

Ẹ tún wo Ibn Hajar al-Asqalani. Kò sí ilé-kéwú tó lórúkọ ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọn kò mọ Bulugh al-Maram rẹ̀. Ọdún 817 ló bẹ̀rẹ̀ Fath al-Bari, ọdún 842 ló parí rẹ̀. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn, àjàkálẹ̀ àrùn pa ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ní ọdún 819, ó sì pa àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní ọdún 833. Ó sin wọ́n, ó sunkún wọn, ó padà sídìí ìwé. Ó tilẹ̀ kọ odidi ìwé kan lórí àjàkálẹ̀ àrùn fúnra rẹ̀, Badhl al-Ma'un. A kì í sunkún ká má ríran. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé àrùn ti dé, kó jókòó, ìwé ti parí, kò rí i kọ́ lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì nínú ilé kan

Nísinsìnyí, inú ilé. Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo ilé kan tí gbogbo wa mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà níbẹ̀, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ìpele kan náà ni wọ́n wà.

Ọmọbìnrin jí ní aago mẹ́ta òru láti dáná sààrì. Ó fọ àwo, ó pọn omi, ó wẹ àwọn àbúrò. Ní aago mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka ìwé pọ̀ lórí WhatsApp, ó wà nídìí ẹ̀rọ ìlọta, ata wà lórí rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọ̀sán, ó gbé ọjà. Ìrọ̀lẹ́, ó dáná ìṣínu. Lẹ́yìn ìṣáà ló tó rí ìwé rẹ̀, oorun sì ti ń kùn ún. Ọmọkùnrin jí láti jẹ sààrì, ó padà sùn, ó jí ní àṣáḿù, ó gbé fóònù. Lálẹ́, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó níwájú ilé títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, kò sí ẹni tó bi í pé kí lẹ ń ṣe. Àwọn méjèèjì ni kò kàwé. A fi iṣẹ́ pa ti ọ̀kan, a fi ìkẹ́ tí kò nídìí pa ti èkejì.

Ẹnìkan á sọ pé, "Ústáàsì, owó ńkọ́? Ọjà tì, bàbá kò rí ọkọ̀ wà, kí la ó jẹ?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, n kò sì ní í fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìyá tó ń ta oúnjẹ òòjọ́ tí kónílé-ó-gbélé mú, ó rí ìyà tí kò ṣeé ròyìn. Kí ọmọ fi ọwọ́ ti òbí rẹ̀ lẹ́yìn nígbà ìnira, ìjọ́sìn ni, láádá sì wà nínú rẹ̀. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ran aṣọ ìbòmú tà nígbà náà tó fi bọ́ ilé wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un dọ́la.

Ṣùgbọ́n ebi kọ́ ló sọ pé obìnrin nìkan ni kó ṣe iṣẹ́ ilé. Iṣẹ́ ilé wà lára ohun tí Ànábì wa fúnra rẹ̀ ń ṣe fún àwọn ará ilé rẹ̀. Aisha, ìyá àwọn onígbàgbọ́, ló sọ fún wa. Bí a bá pín omi pípọn àti àwo fífọ̀ sí méjì, wákàtí méjì ìwé yóò jáde fún ọmọbìnrin láìná kọ́bọ̀ kan. Ebi kọ́ náà ló sọ pé nígbà tí fásitì ṣí ní ọdún 2021, kí a fi owó ìgbélé àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin rọ́lẹ̀, kí a sì rí owó aṣọ ẹbí fún ìnáwó mẹ́ta láàrin oṣù kan náà. Ẹ lọ wo ohun tí a ná lórí ayẹyẹ lẹ́yìn tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àpèjọ. Owó kì í tán nínú ilé wa bí ariwo wa ṣe pọ̀ tó. Ohun tí a bá kà sí pàtàkì la máa ń rówó fún.

Ọ̀rọ̀ kejì nínú ilé ni ti ìgbéyàwó. Àwọn òbí kan wò ó pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ti wà nílé lásán, kí wọ́n kúkú fi í fọ́kọ, ẹnu kan á dín nídìí ìkòkò. Yìgì, Sùnnà ni. Bí ọmọ bá fẹ́, tí ọkọ náà sì jẹ́ ọmọlúàbí, kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí i. Èyí tí n kò gbà ni kí a fi yìgì ṣe ọ̀nà àtisá fún owó ilé-ẹ̀kọ́, kí ọmọ tó kù díẹ̀ kó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wọlé ọkọ láìsí ẹni tó sọ gbólóhùn kan nípa ìwé rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó so yìgì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní májẹ̀mú pé yóò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Májẹ̀mú tí ọkọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, kó mú un ṣẹ. Ẹ̀yin òbí tó ń sọ pé ìwé obìnrin kò ju ìdí ààrò lọ, ẹ rántí pé nígbà tí aya yín bá fẹ́ bímọ, ẹ̀yin kan náà lẹ máa ń wá dókítà obìnrin Mùsùlùmí. Ibo lẹ rò pé a ti ń rí wọn?

Kọ́kọ́rọ́ mọ́sáláṣí

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2020, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó jẹ́ ti fásitì ìjọba ní ìlú Benin lọ kàwé nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí ilé wọn, nítorí pé fásitì ti tì, ó sì ń wá ibi tó dákẹ́. Wọ́n ṣe é léṣe níbẹ̀, ó sì kú. Gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló sunkún. Ọmọlẹ́yìn Jésù ni, a sì bá àwọn ará ilé rẹ̀ kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ikú rẹ̀ bi wá kò tíì rí ìdáhùn: nígbà tí géètì ilé-ẹ̀kọ́ bá tì, níbo ni ọmọ tí ilé wọn jẹ́ yàrá kan, tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn níbẹ̀, ti máa kàwé láìséwu?

Mọ́sáláṣí wà ní gbogbo àdúgbò wa. Ó ní rọ́ọ̀gì, ó ní fáànù, ó ní jẹnẹrétọ̀, òmíràn ní kànga ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí a bá ti kírun sùbúì títí di ìgbà tí a ó pe ìrun àílà, òfìfo ló wà, pẹ̀lú àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí àwọn mọ́sáláṣí padà ní ọdún 2020, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ìjọba ṣì wà nílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mélòó nínú àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí ló pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò wọn pé kí wọ́n wá máa kàwé? Wọ́n ní àwọn ọmọ á ba rọ́ọ̀gì jẹ́. Wọ́n ní ọkùnrin àti obìnrin á dà pọ̀. Wọ́n ní mọ́sáláṣí kì í ṣe ilé ìwé.

Mọ́sáláṣí Ànábì ní Medina ńkọ́? Suffah wà níbẹ̀, ibi tí àwọn tí kò nílé ń sùn, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́. Abu Hurayrah tí a ń gba hádíìsì lẹ́nu rẹ̀ jáde láti ibẹ̀. Qarawiyyin ní Fez, mọ́sáláṣí ni kó tó di fásitì. Azhar ní Cairo, mọ́sáláṣí ni. Àwa tí a bá fásitì nínú mọ́sáláṣí ní ilé ẹ̀sìn wa, àwa la wá ń sọ pé mọ́sáláṣí kì í ṣe ibi ìwé. Ti ìdàpọ̀, ẹ fún àwọn ọkùnrin ní agogo tiwọn, ẹ fún àwọn obìnrin ní tiwọn, ẹ fi ìyá àgbà kan tí ẹ fọkàn tán jókòó tì wọ́n, kí ẹnu ọ̀nà wà ní ṣíṣí. Ti rọ́ọ̀gì, rọ́ọ̀gì ṣeé fọ̀. Ọmọ tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, yóò sì gbé rọ́ọ̀gì rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí òmíràn tó dé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ tiyín kò pọ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ti géètì, ṣùgbọ́n ọjọ́ yín ni Ọlọ́hun yóò bi yín nípa rẹ̀. Ẹni tó ní òun kò lówó dátà láti fi kàwé tó ń rówó dátà ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kó má fi kòrónà bojú. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé jìbìtì ni ìwé kíkà fúnra rẹ̀, ẹ wo ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n máa ń gbé ìyá yín lọ nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ẹni tó kàwé ni.

Ìyanṣẹ́lódì mìíràn lè bẹ́ lọ́la. Àrùn mìíràn lè dé, Ọlọ́hun kó dá a dúró. Kí gbogbo ilé jókòó báyìí, bí Umar ṣe gba ìmọ̀ràn, kí wọ́n bá ọmọ wọn sọ ọ́: bí wọ́n bá ti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ lọ́la, wákàtí wo ni tìrẹ, ta ni yóò gba iṣẹ́ rẹ ṣe ní wákàtí náà, iṣẹ́ ọwọ́ wo ni ìwọ yóò kọ́ kún un. Kí gbogbo ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó jímọ́ọ̀ fún dátà àti epo jẹnẹrétọ̀. Kí àwa ústáàsì máa pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì wọlé, kí wọ́n máa fi èdè Lárúbáwá kún ohun tí wọ́n ń kọ́ ní àsìkò yẹn. Ọmọ tó bá sì ti jáwọ́ láti ọdún 2020, ẹ má pè é ní ẹni tí kádàrá ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ bi í lálẹ́ òní bóyá ó ṣì fẹ́ padà, kí ẹ sì jókòó ti ọ̀nà tó máa gbà padà.

Kádàrá ni ohun tí Ọlọ́hun ṣe. Ohun tí àwa náà ṣe, ó wà nínú ìwé iṣẹ́ wa, a ó sì kà á fúnra wa lọ́jọ́ kan.

Ọlọ́hun, má jẹ́ kí a di ẹni tó fi orúkọ Rẹ bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Dárí jin àwọn tí àrùn náà mú lọ nínú wa. Ṣí ọ̀nà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀nà tì mọ́, fi ìmọ̀ tó wúlò kẹ́ àwọn ọmọ wa, kí O sì fi àwọn olórí tó ń bẹ̀rù Rẹ jẹ wá. Àmín.